Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Rójú Olùkọ́: Láti Ìkẹ́nnẹ́ Dé Orí Fóònù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan tí mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Mákun, ní Ṣágámù níbí. Fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kíláàsì lòun wà. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ ràì nínú fóònù, ọmọ tiwa sì ti sùn lọ fọnfọn. Nígbà tó lajú, mo bi í pé, "Kí ni tíṣà yín wí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n sùn jàre. Wọn ò mọ̀ bóyá mo wà ńbẹ̀ tàbí n ò sí ńbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Ohun tó sọ yẹn ti ṣe èmi fúnra mi rí. Nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ndìrì, tí owó fásitì kò sí, mo forúkọ sílẹ̀ níbì kan tí wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ni. Mo sanwó, wọ́n fi ìwé ńlá mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á, mo dáhùn àwọn ìbéèrè inú rẹ̀, mo fi í ránṣẹ́ padà. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, ó di oṣù méje! Èsì kò dé. N kò mọ̀ bóyá mo gbà á tàbí mo kùnà. Nígbà tó sú mi, mo ti àwọn ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ni eku ti bá mi kà wọ́n tán. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti wádìí ìbéèrè kan ṣoṣo: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rójú olùkọ́, kí ní í mú un dúró nídìí ẹ̀kọ́, kí sì ní í lé e sá?

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Lọ́dún 1840, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ owó lẹ́tà di pẹ́nì kan péré, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì pósítọ́fíìsì kọ́ àwọn èèyàn ní ìkọ̀wé àyárakọ tí àwọn akọ̀wé ń pè ní shorthand. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba káàdì, á ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un, á dá a padà. Pitman á sàmì síbi tí kò dáa, òun náà á tún dá a padà. Ẹ kíyè sí i dáadáa o. Ẹ̀kọ́ tó ń lọ nìkan kọ́ ló jẹ́ kí nǹkan náà gbilẹ̀; ìdáhùn tó ń bọ̀ ni. Nígbà tó di 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣílẹ̀kùn ìdánwò rẹ̀ fún ọkùnrin èyíkéyìí, ì báà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ì báà wà lẹ́yìn òkun. Bó o bá ti lè kà á, tó o lè sanwó, tó o sì lè yege, oyè di tìrẹ nìyẹn.

Ọ̀nà yìí gan-an ló gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909, ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1920. Ìyà jẹ ẹ́ kó tó kàwé. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò. Shorthand tí Pitman dá sílẹ̀ yẹn, ó kọ́ ọ. Nígbà tó ń ṣe káràkátà kiri, ó tún ń kàwé fún oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti ilé, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní 1944, kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún yẹn kan náà láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ní 1946 ló di lọ́yà.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa, ibi tí a máa ń parí rẹ̀ sí ni pé, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin náà ẹ múra." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn, mélòó ló ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé akọni nìkan ló lè là á já, ìdánwò akọni nìyẹn, kì í ṣe iléèwé fún gbogbo èèyàn.

Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò ní kí àwọn ọmọ máa dá kàwé nílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba rẹ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n sì fi ṣe é ni láti ran àwọn iléèwé tí olùkọ́ kò tó lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára tẹlifíṣọ̀n àti rédíò: wọ́n lẹ́nu, wọn kò létí. Wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́ tìrẹ.

Àwọn òyìnbó tún gbìyànjú. Wọ́n dá Open University sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì wọlé ní 1971. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n àti rédíò kún un, ṣùgbọ́n wọ́n tún yan olùkọ́ kékeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò wọn, tí yóò máa ka iṣẹ́ wọn, tí yóò sì máa fèsì. Nílé níbí, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ tirẹ̀ ní 1974. Ìjọba Shehu Shagari dá Open University tiwa sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1983. Ọmọ náà kò tíì rá tí ìjọba ológun Buhari fi tì í pa ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1984. Ó tó ọdún méjìdínlógún kí ó tó jí padà, ní 2002, lábẹ́ ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ọbásanjọ́ kò sì jí i fún àwọn ẹlòmíràn nìkan: nígbà tó gbéjọba sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní 2018, nígbà tó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ga o!

Láàárín ìgbà tí Open University tiwa fi sùn, ayé ti yí. Fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001, íntánẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀ lé e wọ àpò aṣọ wa. Nǹkan méjì wá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí tí ọ̀rọ̀ wa òní dá lé: búlọ́ọ̀gì àti wíkì.

Búlọ́ọ̀gì ni ojú ewé tí èèyàn ti ń kọ èrò ara rẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, tí àwọn tó kà á sì ń fèsì sábẹ́ rẹ̀. Láti 1997 ni wọ́n ti ń fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wí nǹkan kan: Yorùbá ti ṣe irú rẹ̀ rí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí Isaac Thomas ń tẹ̀ jáde ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó ń ròyìn ayé rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, àwọn èèyàn kò mọ̀. Wọ́n ń bá Sẹ̀gilọlá kẹ́dùn, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nítorí rẹ̀. Kí ló fà á? Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, wọn yóò rí i nínú ìwé. Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò gbọ́ ohùn òun kì í sùn.

Wíkì ní tirẹ̀ yàtọ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ward Cunningham, ló gbé e jáde ní 1995. Ó mú orúkọ rẹ̀ láti inú èdè àwọn ará Hawaii, níbi tí wíkì ti túmọ̀ sí kíákíá. Ojú ewé tí gbogbo èèyàn lè jọ kọ ni: bí mo bá kọ tèmi, ìwọ lè fi kún un, ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Wikipedia tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 ló tóbi jù nínú wọn. Ti Yorùbá wà níbẹ̀ náà, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Èmi o, orúkọ tí mo fún wíkì ni ọ̀wẹ̀. Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ti ń bẹ ọ̀wẹ̀: ẹnìkan fẹ́ kọ́lé, gbogbo àdúgbò á wá, ẹni tó lè po amọ̀ á po amọ̀, ẹni tó lè mọlé á mọlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwa ará Rẹ́mọ kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀wẹ̀ inú ẹ̀kọ́ jẹ́ àjèjì sí wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956 ni Táí Ṣólàárín àti aya rẹ̀, Sheila, dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Mayflower kì í jókòó kí wọ́n máa da ẹ̀kọ́ sí i létí bí ẹni da omi sínú àmù. Wọ́n dáko, wọ́n ṣiṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì bá wọn kọ́ iléèwé tí wọ́n ń kàwé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá bá wọn gbé búlọ́ọ̀kù síbi ògiri, ó ṣòro kí ó tó gbàgbé ilé náà. Ohun tí wíkì ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn: ó ń gbé búlọ́ọ̀kù lé e lọ́wọ́. Àwọn fásitì kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2010 sí í ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa kọ àyọkà sínú Wikipedia fúnra rẹ̀ dípò iṣẹ́ tí tíṣà nìkan yóò kà tí yóò sì jù sí kọ̀rọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ojú dídùn nìkan ni nǹkan yìí ní o. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo iléèwé pa, tí ẹ̀kọ́ sì kó sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, a rí àbùkù rẹ̀ kedere. Dátà wọ́n, iná kò sí. Àwọn tíṣà mìíràn kàn kó ìwé àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní ẹ̀kọ́. Bí tíṣà bá ní kí wọ́n kọ búlọ́ọ̀gì, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì kà á, lẹ́tà tí kò ní èsì náà la tún padà dé. Bí máàkì kò bá sí fún un, àwọn ọmọ kò ní kọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ bá pọ̀ jù, ẹnìkan á ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á jẹun. Èyí tó jẹ́ tiwa gan-an tún wà níbẹ̀: ojú ń ti ọmọ Yorùbá láti fa ìlà sí ọ̀rọ̀ ẹni tó jù ú lọ. "Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi tún ìwé ẹ̀gbọ́n kọ?" Olùkọ́ tó gbọ́n ní láti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé àtúnṣe kì í ṣe àrífín, pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó sì dára pé wíkì máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀lẹ kò ríbi sá sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń sùn. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ mìíràn gba kíláàsì wọn. Ó pín wọn sí ẹlẹ́ni márùn-ún márùn-ún, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ kọ ìtàn ìlú kan sójú ewé kan. Ṣágámù bọ́ sọ́wọ́ tiwọn. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé ọdẹ kan ló dá Ṣágámù sílẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí ọmọbìnrin kan láti Òde Rẹ́mọ fi fa ìlà sí i, tó kọ ọ́ pé ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ ní 1872 nítorí ogun, tí wọ́n jọ di Ṣágámù. Inú bí i! Ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó kan ilẹ̀kùn yàrá mi: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde. Ṣé lóòótọ́ ni? Mákun wa ńkọ́, ìgbà wo la dé?"

Àwa méjèèjì kò sùn títí aago kan fi lù. A tú ìwé, a fóònù sí bàbá kan ní Ọ̀fin kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá náà kọ́kọ́ fi wá bú kó tó dá wa lóhùn. Ọmọbìnrin yẹn ló jàre. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa fi ti Mákun kún un, ọmọbìnrin náà sì fèsì pé òun kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ kọ́ ló jí i dìde lóru. Ẹ̀rọ kan náà ló fi sùn níjọ́sí. Ohun tó jí i ni pé ẹnìkan ka ohun tó kọ, ó sì dá a lóhùn. Ohun tí Pitman fi káàdì ṣe ní 1840 nìyẹn, òun náà ni èmi ń retí fún oṣù méje tí n kò rí. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ lo búlọ́ọ̀gì, ẹ lo wíkì, ẹ lo ohunkóhun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ̀wé sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.