Afẹ́fẹ́ Inú Ilé Wa
Yàrá agbo ilé àtijọ́ ní Iléṣà ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni tọmọdé tàgbà ń jókòó sí, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lára. Nígbà tí ilé onípáànù dé, a ní fèrèsé. Ọ̀pọ̀ wa sì ń tì í pa lálẹ́ nítorí olè.

Ní 1956, Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó rí bí èéyi ti ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kòkòrò èéyi lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá tó wákàtí 2 lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti jáde. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni olórí ààbò; fèrèsé tí a ṣí ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àwọn méjèèjì du ọmọ yín.