Òkúta Òṣùpá Kò Tíì Sọ̀rọ̀ Tán

Láàárín ọdún 1969 sí 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà tó rìn lórí òṣùpá kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tó tó kílò 382 bọ̀ wálé. Àwọn kan ka ẹrù náà sí ohun ìrántí lásán. Lójú tèmi, òun gan-an ni èrè ìrìn-àjò náà, torí ohun tó bá ti wà níkàáwọ́ ẹni, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì ronú kàn lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ṣì lè bá a lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé òṣùpá gbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀, nínú iyẹ̀pẹ̀ tí ìrìn-àjò Apollo 15 àti 17 kó bọ̀ láti òṣùpá, àwọn hóró gíláàsì wà tí wọn ò ju iyanrìn lọ, òmíràn aláwọ̀ ewé, òmíràn aláwọ̀ ọsàn, tí òkè oníná tu síta ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ayé ìgbà náà ò rí omi kankan nínú wọn. Ní 2008, onímọ̀ kan, Alberto Saal, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó lójú jùyẹn lọ yẹ irú hóró bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì bá omi díẹ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó tún gbéra lọ sí òṣùpá kí èyí tó ṣeé ṣe. Ìtọ́jú ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀: ní Houston, inú àpótí irin tí gáàsì nitrogen kún ni wọ́n kó òkúta wọ̀nyí sí, kí ọ̀rinrin ayé má baà kàn wọ́n, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ láìtú. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí páìpù kan tí wọ́n ti dé pa lórí òṣùpá láti 1972.

Àwọn kan á ní kí ẹ̀rọ kúkú ṣe àyẹ̀wò náà lọ́hùn-ún. Àwọn ọkọ̀ Viking méjì dán an wò lórí Máàsì ní 1976. Àyẹ̀wò kan mú èsì tó jọ ti ohun abẹ̀mí wá, òmíràn ò rí èròjà tó yẹ kí ohun abẹ̀mí fi sílẹ̀, àríyànjiyàn sì ń bá a lọ títí di òní. Kò sẹ́ni tó lè bu iyẹ̀pẹ̀ náà kó gba ọ̀nà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, torí ohun tí wọ́n dì sínú ọkọ̀ kó tó gbéra nìkan ló lè ṣe. Àwọn mìíràn á ní òkúta ń já bọ́ láti ojú ọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ti kọ́ wa kò kéré. Ṣùgbọ́n iná máa ń jó ara wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀, òjò àti ilẹ̀ ayé á wọ inú wọn, a kì í sì í sábà mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Owó ni àtakò tó wúwo jù, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún péré ni ọkọ̀ Hayabusa2 ti Japan gbé bọ̀ ní 2020 láti Ryugu, àpáta kan tó ń yí oòrùn po, ó sì tó kí yàrá àyẹ̀wò ní onírúurú orílẹ̀-èdè pín. Láti 2021 ni ọkọ̀ Perseverance ti ń di òkúta Máàsì sínú àwọn páìpù kéékèèké. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ nítorí owó, àríyànjiyàn Viking la ó tún máa jà.