Kúlà olómi fún ilé ní Sókótó: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ti gbé Sókótó láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ooru níbí kì í ṣe eré. Ọ̀sán á gbóná kọjá 40°C, ògiri bulọ́ọ̀kù á gba ooru náà sára, á wá máa tú u sílẹ̀ fún wa lóru nígbà tó yẹ ká sùn. Àsìkò yìí ni ọjà kúlà máa ń yá jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sanwó lórí ohun tí kò ní wúlò fún wa. Oníṣòwò lèmi náà, mo mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ta ọjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ohun tí mo mọ̀ nípa kúlà jọ síbí, kí ẹ lè bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè tó yẹ.

Ohun tí kúlà jẹ́

Kúlà kì í ṣe AC. AC máa ń ti ilé pa, ó ní gáàsì àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń kó ooru inú yàrá lọ síta. Kúlà kò ní gáàsì rárá. Táńkì omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pọ́ǹpù kékeré á máa fa omi náà sókè dà sórí páàdì, fáànù á sì máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná gba inú páàdì tútù náà kọjá. Bí omi bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa gba ooru lára afẹ́fẹ́. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn ìyá wa ti mọ ọgbọ́n yìí kí iná ìjọba tó dé. Omi inú àmù máa ń tutù nítorí pé omi díẹ̀ ń jáde gba ara amọ̀ náà, tó ń gbẹ lọ, tó sì ń gba ooru tó wà nínú àmù. Lókè Ọya níbí náà, olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, fi ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn, ó da yanrìn tútù sáàárín méjèèjì, tòmátì àti ẹ̀fọ́ àwọn àgbẹ̀ kò sì tètè bàjẹ́ mọ́. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní ọdún 2000. Kúlà inú ilé àti ìkòkò Abba, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́

Ibí gan-an ni owó ti ń sọ nù. Omi kì í tètè gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin. Ní ọ̀sán oṣù kẹta ní Sókótó, bí ooru bá jẹ́ 40°C, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdá 15 nínú 100, omi lè fa ooru afẹ́fẹ́ yẹn wálẹ̀ dé nǹkan bí 21°C, kò lè kọjá ibẹ̀. Kò sí kúlà ilé tó ń rin ọ̀nà náà tán. Èyí tí páàdì rẹ̀ dáa lè rin ìdá 70 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ á jẹ́ bíi 27°C. Ìyàtọ̀ 13 nìyẹn, ara yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbé kúlà kan náà lọ sí Èkó. Bí ooru ibẹ̀ bá jẹ́ 32°C, tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 75 nínú 100, ibi tí omi lè fà á dé kò ju 28°C lọ. Kúlà yẹn á mú un wá sí bíi 29°C, á sì tún fi omi kún afẹ́fẹ́ tó ti ń mú ara lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sókótó náà máa ń dà bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje àti ìkẹjọ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Kúlà á wá di fáànù lásán.

Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí. Lọ́dún kan, kúlà tí mo rà ní oṣù kẹrin mú orí mi wú débi pé mo ra irú rẹ̀ kan, mo fi í ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù keje ló dé ọwọ́ wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo gbé wá fún mi? Yàrá mi ti dà bí balùwẹ̀, aṣọ inú àpótí mi sì ti ń bu." Mo kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo tiẹ̀ bínú lọ bá ẹni tó tà á. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, fáànù tó ń gba iná sára ló máa wúlò jù fún wọn.

Kí ẹ tó ra kúlà rárá, ẹ dán èyí wò. Ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi kọ́ sínú yàrá tí ẹ fẹ́ lò ó sí, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Bó bá gbẹ kíákíá, kúlà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá ṣì tutù lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, ẹ fi owó yín sápò.

Ohun márùn-ún tí ẹ máa wò

Àkọ́kọ́ ni páàdì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín. Páàdì tó dáa nípọn, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, omi sì gbọ́dọ̀ dé gbogbo ara rẹ̀. Àwọn kúlà kan wà tó jẹ́ pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n nà sẹ́yìn wọn. Ìyẹn kò lè mú afẹ́fẹ́ tutù. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ń ta páàdì náà lọ́tọ̀, nítorí òun ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ìkejì ni agbára fáànù. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí pẹ̀lú àmì m³/h. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 gba afẹ́fẹ́ tó tó 41 m³. Ó dára kí afẹ́fẹ́ yẹn pààrọ̀ ní ìgbà 30 láàárín wákàtí kan, nítorí náà ẹ wá èyí tó tó 1,200 m³/h. Èyí tó kéré ju ìyẹn lọ dáa fún ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀ nìkan.

Ìkẹta ni táńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni kúlà á ṣe mu omi tó. Kúlà yàrá lè mu lítà 2 sí 5 ní wákàtí kan lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Táńkì lítà 6 kò ní bá yín dé ààrin òru. Ẹ wá lítà 30 sókè, kí ẹ sì ro owó omi mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn mẹrúwà lẹ ti ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wọ inú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí omi àtimu àti omi ìfọṣọ bá ti ń ni yín lára, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó rà á.

Ìkẹrin ni iná. Ọ̀pọ̀ kúlà ilé ń jẹ 60 sí 200 wáàtì. AC họ́ọ̀sì kan máa ń jẹ bíi 900 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ká ní wáàtì 100 ni kúlà yín ń jẹ, tí ẹ sì tàn án fún wákàtí 10, yúníìtì kan ló jẹ. AC yẹn lè jẹ tó yúníìtì 9 bí kò bá sinmi rárá. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A jáde ní oṣù kẹrin 2024, ₦225 ni yúníìtì kan: ₦225 fún kúlà, ₦2,025 fún AC. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" lè gbé kúlà, kò lè gbé AC. Sólà kékeré náà lè gbé e. Ẹ má ṣáà gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fèrèsé tí kúlà ti ń fa afẹ́fẹ́, kí èéfín má bàa pa ilé.

Ìkarùn-ún ni yìnyín. Àwọn tó ń tà á máa ń fi ike yìnyín méjì hàn yín bíi pé òun ni àṣírí ẹ̀rọ náà. Ooru tí kílò yìnyín kan máa gbà kó tó yọ́ kò ju ìdá kan nínú méje èyí tí lítà omi kan máa gbà kó tó gbẹ. Páàdì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi owó kún owó nítorí yìnyín, tàbí nítorí rìmóòtù.

Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí

Ẹ gbé kúlà sí ẹnu fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà kí ó máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, kí ẹ sì ṣí fèrèsé tó kọjú sí i. Bí ẹ bá ti gbogbo rẹ̀ pa bíi ti AC, ọ̀rinrin á kún yàrá láàárín wákàtí kan, ooru á sì padà.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ fèrèsé. Oṣù ooru yìí kan náà ni àrùn yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, máa ń jà níbí. Sókótó wà lára ilẹ̀ tó ti Senegal lọ dé Ethiopia tí àrùn náà ti wọ́pọ̀ jù láyé. Ní 2017 ó jà ní Zamfara, Sókótó, Katsina, Kebbi àti Niger, àwọn tó kú ní Nàìjíríà sì lé ní 1,100. Ibi tí èèyàn púpọ̀ bá ti sùn pọ̀ nínú yàrá tó há, ibẹ̀ ló ti rọrùn fún un láti ràn. Kúlà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ o; abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń ṣe ìyẹn, Nàìjíríà ló sì kọ́kọ́ lo èyí tuntun tí wọ́n ń pè ní Men5CV lágbàáyé ní 2024. Àmọ́ bí ẹ bá ń wá ọ̀nà tí ilé máa fi tutù láìjẹ́ pé ẹ ti ọmọ méje mọ́ yàrá kan, kúlà fàyè gbà yín láti ṣí fèrèsé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn.

Ẹ sì má gbára lé fáànù nìkan ní ọ̀sán gangan. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bí ooru bá ti kọjá 40°C, ńṣe ni fáànù ń fẹ́ ooru sí èèyàn lára. Ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ fún wọn ní omi mu lóòrèkóòrè (ọmú ìyá ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà), ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n lára. Ẹni tó bá ń ṣe ṣégeṣège nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀

Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà ní Kalambaina fi ṣe sìmẹ́ńtì. Omi ilẹ̀ tó bá gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń le, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí irú omi yẹn bá ń gbẹ lórí páàdì, á fi ẹfun funfun sílẹ̀ títí ihò á fi dí. Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi tó kù nù lójoojúmọ́, ẹ fọ táńkì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì fi omi ṣan páàdì kí eruku kúrò lára rẹ̀. Omi tó dúró pẹ́ á máa rùn, ẹ̀fọn á sì yé sínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú iná kí ẹ tó bu omi sí i, ẹ má fi ọwọ́ tútù kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí òjò bá dé, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ bò ó, ẹ gbé e pa mọ́.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ rà fún gbọ̀ngàn ìpàdé, ìlànà kan náà ni: páàdì tó nípọn, fáànù ńlá, ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ẹ rà á ní ìgbà òjò tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀, owó rẹ̀ á ṣeé dúnàá dúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ jẹ́ kí oṣù kẹta dé ná.