Ọ̀rọ̀ Ọdẹ fún Igbó Tí A Kì í Dẹ

Ẹni tó bá ń ti Lekki lọ sí Ajah yóò kọjá igbó kan tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, tí ilé àti ọ́fíìsì ti yí ká. Lekki Conservation Centre ni orúkọ rẹ̀. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, ló ṣètò rẹ̀ lọ́dún 1990, òun náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní. Afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ afárá yẹn, nínú irà àti ọ̀dàn, àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, ẹtu náà wà níbẹ̀. Ṣàṣà ènìyàn ló ń fojú kàn wọ́n. Bí a ṣe lè rí wọn, àti irú Yorùbá tó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ wa bí a ti ń rí wọn, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní àwọn ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá gba ìwé àṣẹ lè ti ṣọdẹ. Nítorí pé ọdẹ pọ̀ níbẹ̀, ẹran ti gbọ́n, ó sì ń sá fún ènìyàn. Ohun tí ọdẹ tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé, kí àsìkò ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀, yóò wọ igbó láìgbé ìbọn, yóò wo ibi tí ẹran ń gbà, ibi tó ti ń jẹ, ibi tó ti ń mumi, ibi tó ń sùn, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Scouting ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ohun tí wọ́n ń pè ní oríire ọdẹ kò jù báyìí lọ: ẹni tó ti mọ igbó kó tó gbé ìbọn ni ẹran ń bọ́ sí lọ́wọ́. Nínú igbó Lekki, a kì í yìnbọn. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ka iye ẹran tó kù, tàbí ẹni tó fẹ́ fi àgbọ̀nrín han ọmọléèwé, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe. Bí a bá fẹ́ kọ ìwé iṣẹ́ náà ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ wo la ó lò?

Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ sí ògbufọ̀ lọ́kàn ni ‘ṣíṣe amí’. N kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ogun ni amí. Ẹni tó bá ń ṣe amí ìlú, ọ̀tá ìlú náà ni. Bí a bá fi sẹ́nu ọmọ tó ń kọ́ bí a ti ń dáàbò bo igbó, a ti sọ ẹran di ọ̀tá rẹ̀ kó tó rí i. Ọdẹ wa kì í sọ pé òun ń ṣe amí ẹran. Yóò ní òun ń tọpa ẹran, tàbí pé òun fẹ́ lọ wo igbó. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tó wa lò, wọn kò sì jọra. Títọpa jẹ́ ti ẹran kan pàtó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níwájú ẹni. Wíwo igbó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, èso tó ń rọ̀ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, bí a ti ń wo ojú ọjọ́ gan-an ni. Nítorí náà, ìwogbó ni mo fẹ́ kí a máa pe odindi iṣẹ́ náà, kí ìtọpa sì jẹ́ apá kan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù lọ níbí. Ibi tí pátákò tẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni ojú ẹsẹ̀. Ipa ni ọ̀nà tí ẹran ti tẹ̀ títí tó fi hàn lórí ilẹ̀. Ipasẹ̀ ni ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ẹsẹ̀ ẹran kan láti ibi tó ti bọ̀ dé ibi tó ń lọ. Àwa tí a kò ṣọdẹ rí pàápàá, àwọn ọ̀rọ̀ yìí la fi ń sọ èdè lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá ní a rí nǹkan gbà nípasẹ̀ ẹnì kan, ìtọpa la ń sọ. Nígbà tí a bá ní ọmọ dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò tíì gbẹ la dárúkọ. Èdè tó fi ìtọpa ṣe òpó bí èyí kò nídìí láti yá ọ̀rọ̀ ìtọpa.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ Ajah lè má tíì gbọ́. Ẹ̀gùn ni ibi tí ọdẹ ń tò sórí igi láti jókòó dúró de ẹran lóru. Bí àgọ́ gíga kan bá wà nínú ọgbà ẹranko fún àlejò láti jókòó ṣọ́ ẹran, ẹ̀gùn náà ni. Ibùba ni ibi tí a ti ń fara pamọ́ nílẹ̀. Ọdẹ tó ń lọ jẹ́jẹ́ sẹ́bàá ẹran, ó ń yọ́ ọ ni. Ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ kò ṣú, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní sàfánà, ọ̀dàn ni. Igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀ létí ọ̀sà, ẹ̀gbà ni. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó nílò ìgbìmọ̀ tí yóò ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ máa ń gbàgbé: kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ ló nílò ọ̀rọ̀ orúkọ. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó ń fẹ́ lọ. Ọdẹ wa a bu erùpẹ̀, a jẹ́ kó bọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, a sì sọ pé: ‘Afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn wa lọ, yóò gbóòórùn wa.’ Gbólóhùn yìí pé, ó yéni, ọmọdé lè lò ó. Bí a bá fi dandan gbé ‘ì’ síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta kí a lè rí orúkọ kan kọ sínú àtẹ ọ̀rọ̀, a ti ba ohun tó dára jẹ́.

Ibi tí wàhálà wà ni orúkọ ẹran fúnra rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lo àgbọ̀nrín nínú Orin Dáfídì 42 fún ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń pe ẹran òkè òkun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní deer ní àgbọ̀nrín. Ẹran méjì ni wọ́n. Ti òyìnbó kì í ṣe ẹran igbó gúúsù Sàhárà. Egungun gbáko ni ìwo rẹ̀, ó yẹ̀ka, ó ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù. Àgbọ̀nrín tiwa, akọ nìkan ló ń ní ìwo, ìwo náà lọ́, ohun tí èékánná wa fi ṣe ló bo egungun inú rẹ̀, kì í sì í já bọ́. Ìyàtọ̀ yìí kan ìwogbó gan-an. Ọdẹ Amẹ́ríkà máa ń wá ìwo tó já bọ́ nínú igbó láti mọ akọ tó la òtútù já. Ọmọ tó bá ka èyí ní Yorùbá, tó sì lọ ń wá ìwo àgbọ̀nrín nílẹ̀ ní Lekki, ìwé ló ṣì í lọ́nà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa pe ti òkè òkun ní àgbọ̀nrín òyìnbó. Àwọn baba wa ti fọ̀nà hàn wá nígbà tí wọ́n pe èso kan ní ọ̀pẹ òyìnbó, tí ẹnikẹ́ni kò sì retí epo lára rẹ̀. Kí a pe ìwo tó ń já bọ́ ní ìwo àjábọ́.

Ohun tó yẹ kí ọmọ tiwa máa wá ni pátákò tó là sí méjì nínú ẹrẹ̀, imí wóróbo-wóróbo, àti èso tí ẹtu jẹ kù lábẹ́ igi. Kó mọ̀ pé oje kan ń sun lábẹ́ ojú ẹtu tó máa ń fi pa ẹ̀ka igi láti sàmì sí ilẹ̀ rẹ̀, àti pé àgbọ̀nrín tí ẹ̀rù bà máa ń gbó bí ajá.

Irú ilẹ̀ ọdẹ Amẹ́ríkà tí mo sọ lókè náà nílò orúkọ. ‘Ilẹ̀ ìjọba’ kò lè dúró fún ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ rí ní agbègbè Ajah mọ̀ pé bí wọ́n bá ní ilẹ̀ kan jẹ́ ti ìjọba, ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ìpè. Ilẹ̀ gbogboògbò ló bá èyí tí Amẹ́ríkà ní mu. Igbó tí ìjọba dá sí, igbó ọba ni àwọn àgbà ń pè é, kí a má ṣe yí i padà.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ igi, tó ń ya àwòrán ẹran tó bá kọjá níwájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ pàkúté kún orúkọ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì, ará abúlé yóò rò pé nǹkan tó ń pa ẹran ni a wá dẹ sí igbó, kò sì ní jẹ̀bi. Kámẹ́rà aṣọ́pa ló yẹ ẹ́, nítorí ipa ló ń ṣọ́, kò sì mú nǹkan kan.

A ti ṣe irú iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ báyìí rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó ti àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ti igbó yàtọ̀. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ni àwọn ọdẹ àgbà ní Ẹ̀pẹ́, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti ní àyíká igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn kan tó ti ṣọdẹ rí ti di aṣọ́gbó. Bí ilé bá ń gba igbó, tí ọdẹ sì ń dàgbà, orúkọ á máa bá wọn lọ.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín jẹ́ ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pe ẹsẹ̀ àná àti ẹsẹ̀ òwúrọ̀, ibi ìjẹ àti ibi ìsùn, ìró àgbọ̀nrín àti ìró ẹtu. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ sì kọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.