Fọ́tò Highlander: Bí Wọ́n Ṣe Sọ King di Kọ́múníìsì

Ní oṣù Keje ọdún 1963, Ross Barnett, gómìnà Mississippi, dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ ní Washington pẹ̀lú fọ́tò kan. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tí Ààrẹ Kennedy gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń jíròrò lé lórí. Barnett kò fẹ́ kí òfin náà kọjá, fọ́tò yìí ló sì fi ṣe ẹlẹ́rìí pé àwọn kọ́múníìsì ló wà lẹ́yìn ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ọdún 1957 ni wọ́n ti ya fọ́tò náà, nílé ẹ̀kọ́ Highlander ní Monteagle, ìpínlẹ̀ Tennessee, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń ṣàjọyọ̀ ọdún 25. Dúdú àti funfun jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu níbẹ̀, èèwọ̀ gbáà sì ni èyí ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà. Edwin Friend tó ń ya fọ́tò kiri kì í ṣe àlejò lásán: ìjọba Georgia ló rán an. Martin Luther King jókòó, Rosa Parks tí wọ́n jọ ń jà fẹ́tọ̀ọ́ kò jìnnà sí i, Myles Horton tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Abner Berry, akọ̀ròyìn Daily Worker, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kọ́múníìsì, lósòó síwájú wọn. Ó parí! Georgia tẹ fọ́tò náà, ó pín in káàkiri, nígbà tó sì yá, wọ́n gbé e sórí pátákó gàgàrà létí títì pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn kọ́múníìsì ni King wà yẹn. Tennessee ti Highlander pa ní 1961. Ẹ̀sùn kọ́múníìsì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù. Lára ohun tí wọ́n rí dì mọ́ wọn lọ́rùn ni pé wọ́n ń ta bíà láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹ̀sùn pé kọ́múníìsì wà lẹ́yìn ìjà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣe é pè ní irọ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn èké ìfipábánilòpọ̀ kan ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú 9 ní Scottsboro, Alabama, ní 1931, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó sún mọ́ kọ́múníìsì ló gba ẹjọ́ wọn rò, nígbà tí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣì ń fà sẹ́yìn. Bayard Rustin, tó ṣètò ìwọ́de Washington ní 1963, ti bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kọ́múníìsì ṣe rí, àmọ́ ó ti kúrò láti 1941. NAACP fúnra rẹ̀ ti pinnu ní 1950 láti lé àwọn kọ́múníìsì kúrò láàárín rẹ̀.

Gbogbo èyí kò já mọ́ nǹkan kan lójú Sẹ́nétọ̀ James Eastland ti Mississippi. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ kọ́múníìsì wà nínú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nílé ìwé ní 1954. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó dìbò, tí wọ́n lè so kọ́ igi lọ́sàn-án gangan, ṣé ó dìgbà tí ẹnì kan bá ti Moscow dé kó tó mọ̀ pé ìyà ń jẹ òun? Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Àwọn ọ̀rẹ́ King náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹfà 1963, Kennedy mú un rìn nínú ọgbà òdòdó ilé ìjọba, ó ní kó já Stanley Levison, olùdámọ̀ràn rẹ̀, àti Jack O'Dell, òṣìṣẹ́ rẹ̀, sílẹ̀, torí ẹ̀sùn pé kọ́múníìsì ni wọ́n. Robert Kennedy, àbúrò ààrẹ, kọ̀wé sáwọn sẹ́nétọ̀ lóṣù Keje pé kò sí ẹ̀rí pé kọ́múníìsì ni àwọn aṣáájú ìjà ẹ̀tọ́ aráàlú. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹwàá, òun kan náà ló fọwọ́ sí i kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI máa tẹ́tí sí fóònù King.

Lẹ́yìn 20 ọdún, ní oṣù Kẹwàá 1983, Sẹ́nétọ̀ Jesse Helms tún kó ìdì ìwé ẹ̀sùn yìí wá, kí wọ́n má bàa fi ọjọ́ ìsinmi ṣèrántí King. Sẹ́nétọ̀ Daniel Patrick Moynihan ju ẹ̀dà tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní ìdọ̀tí ni. Ìbò 78 sí 22 ni òfin ọjọ́ ìsinmi náà fi kọjá. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi Ààrẹ Reagan bóyá King bá kọ́múníìsì dòwò pọ̀, ó fèsì pé tó bá tó bí ọdún 35 sí i, a ó mọ̀. Ó pe opó King lórí fóònù láti tọrọ àforíjì, ó sì buwọ́ lu òfin náà lọ́jọ́ 2 oṣù Kọkànlá.