Láti Ojú Irin dé Orí Alùpùpù: Bí Ìrìn Àjò Ṣe Yí Padà ní Kamina àti Atakpamé

Bí a bá dárúkọ Kamina, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni àwọn òpó gíga tí àwọn ará Jámánì gbé ró síbẹ̀, tí wọ́n fi ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láìlo wáyà. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1914, àwọn fúnra wọn ló fọ́ ọ, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé má baà rí i lò. Ìtàn mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà sọ: ìtàn ohun tí àwọn èèyàn ń gùn.

Àwọn ará Jámánì náà ló la ojú irin láti Lomé dé Agbonou, lẹ́bàá Atakpamé. Nítorí òwú àti ẹrù ìjọba ni. Àwọn Ifẹ̀ tí à ń pè ní Àná, tí wọ́n sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti wá, kò sí nínú àwọn tó pinnu ibi tí yóò gbà. Ọkọ̀ ojú irin kì í yà sí oko. Ẹni tó bá kórè iṣu ṣì ní láti rù ú dé ọ̀nà.

Alùpùpù ló wá dé ibi tí ojú irin kò dé. Èyí tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni Yamaha Mate kékeré. Obìnrin tó ró ìró lè gùn ún, kò sì ní kíláàṣì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ó dára gan-an nígboro. Ṣùgbọ́n òkè ni Atakpamé. Bí èèyàn méjì àti àpò àgbàdo kan bá wà lórí ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn, òkè á fẹ́ pa á.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, àwọn òṣìṣẹ́ Tógò bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá tó gba oṣù mẹ́sàn-án. Owó oṣù dúró, ebi kò dúró. Ọ̀pọ̀ ló gbé alùpùpù wọn jáde láti máa fi gbé èrò, bí àwọn zémidjan ti ń ṣe ní Bẹ̀nẹ̀. Ní Lomé, wọ́n ń pè wọ́n ní oléyia, èyí tí í ṣe "ṣé ò ń lọ?" lédè Ewe. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì. Alùpùpù Japan di ọ̀wọ́n gógó. Lẹ́yìn ọdún 2000, ti Ṣáínà gba ọjà: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi jù, ìjókòó rẹ̀ gùn, irin ẹrù sì wà lẹ́yìn. Kì í pẹ́ bíi ti Japan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ tó o.

Irú ìyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn cruiser, tí ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀, tí a ń na ẹsẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Ó wuni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ìbàdí á gba gbogbo ìwúwo ara, afẹ́fẹ́ á sì máa ti àyà. Nígbà tí Honda gbé Gold Wing jáde fún ọdún 1975, kò ní ohun tí ń dí afẹ́fẹ́, kò sì ní àpótí ẹrù. Àwọn tó ń gùn ún lọ ọ̀nà jíjìn ló ń rà wọ́n so mọ́ ọn. Ìgbà tó di 1980 ni ilé iṣẹ́ náà wá ṣe Interstate, tí gbogbo rẹ̀ ti wà lára rẹ̀.

Ẹni tó ń gùn ún ló kọ́ ẹni tó ń ṣe é lẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ìjọba ló pinnu ojú irin, àmọ́ àwa fúnra wa la yan alùpùpù, a sì ń san owó rẹ̀: ẹ̀yìn ríro, eruku, àti ìjàǹbá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gun un lọ sóko lónìí, kó dé akoto, kó má sì di ẹrù kọjá agbára táyà.

Kí lẹ ń pe alùpùpù ní ìlú tiyín? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.