Òfin Òní Kì Í Dájọ́ Àná

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti àwọn agbẹjọ́rò nìkan, ó kan gbogbo ilé tó bá ní ọmọ. Bí ènìyàn bá ṣe nǹkan kan lánàá, tí ìjọba wá ṣe òfin tuntun lórí nǹkan náà lónìí, ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n fi òfin òní jẹ ẹ́ níyà nítorí ohun àná?

Àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Òfin pàápàá máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pa òfin tí wọn kò tíì ṣe mọ́. Ìdí nìyí tí ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960 fi sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin nígbà tó ṣe é, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìjìyà tó wúwo ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ. Ó wà nínú ìwé òfin 1979, ní abala 33(8). Ó wà nínú ti 1999 tí a ń lò títí di òní, ní abala 36(8).

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1985

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Alhaji Shehu Shagari, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari sì di olórí. Dìkíríì Nọ́ńbà 1 ti 1984 gbé òfin ológun ga ju ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ. Nọ́ńbà 13 ti ọdún kan náà ní kí ilé-ẹjọ́ má ṣe yẹ irú òfin bẹ́ẹ̀ wò rárá. Nọ́ńbà 20 wá dé, ó dá ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àkànṣe sílẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ oògùn olóró di ọ̀rọ̀ ikú.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Kirikiri ní Èkó lórí ẹ̀sùn kokéènì. Orúkọ wọn ni Bartholomew Owoh, ọmọ ọdún 26. Bernard Ogedengbe, ọmọ ọdún 29. Àti Lawal Ojuolape, ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó kéré tán, nígbà tí Ogedengbe ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un, ẹ̀wọ̀n ni ìjìyà tó wà nínú òfin, kì í ṣe ikú. Àwọn ènìyàn bẹ̀bẹ̀ fún wọn, ìjọba kò gbọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa ń sọ: ṣé oògùn olóró wá dára ni? Rárá o. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má fìyà jẹ arúfin. Ìyà tó wà nínú òfin lọ́jọ́ tó dẹ́ṣẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1986, lábẹ́ Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, ìjọba ológun kan náà yọ ikú kúrò nínú òfin yìí, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò rẹ̀. A lè tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, a kò lè jí òkú.

Ta ni yóò bá ìjọba wí?

Àwọn aláṣẹ a máa ní orílẹ̀-èdè tó ti gba òmìnira ló ni ara rẹ̀, kí ará ìta má wá kọ́ wa ní òfin tí a ó ṣe. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn létí wa, nítorí a kò gbàgbé ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ àwọn amúnisìn. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la fọwọ́ sí àdéhùn yìí. Ní 1981, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò lórí Ìwé Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, abala 7(2) rẹ̀ sì ka irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ní 1983, Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa.

Nígbà tí ìjọba ológun ṣe Dìkíríì Nọ́ńbà 43 lórí ìwé ìròyìn ní oṣù Kẹjọ 1993, wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kẹfà. Ẹjọ́ dé iwájú Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà. Ìjọba ní òfin náà kò tíì mú ẹnikẹ́ni. Ní 1998, Àjọ náà dáhùn pé dídá ọwọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ padà sẹ́yìn gan-an ni èèwọ̀, ì báà mú ènìyàn, ì báà má mú.

Ṣé ọ̀daràn ńlá kò wá ní fara pamọ́ sábẹ́ òfin yìí? Ẹjọ́ Hissène Habré, tó ṣe olórí Chad láti 1982 sí 1990, fún wa lésì. Senegal ló sá lọ. Ní 2007 àti 2008, Senegal tún òfin rẹ̀ ṣe kí ó lè dá a lẹ́jọ́ lórí ìyà àti ìpànìyàn ìgbà ìjọba rẹ̀. Habré gbé Senegal lọ sí ilé-ẹjọ́ ECOWAS tó wà ní Abuja. Ní oṣù Kọkànlá 2010, ilé-ẹjọ́ náà ní Senegal kò lè dá fi òfin tuntun mú ohun àtijọ́. Ṣùgbọ́n irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ọ̀ràn lójú òfin gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà tí wọ́n hù ú, nítorí náà kí wọ́n dá ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo sílẹ̀. Senegal àti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà jọ dá a sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2016, wọ́n dá Habré lẹ́bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n gbére. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a.

Ẹ̀kọ́ tiwa

Lónìí, bí ọwọ́ bá tẹ ajínigbé, inú a bí wa, a ó ní kí ìjọba ṣe òfin tuntun kíákíá kí wọ́n fi pa àwọn tó wà ní àtìmọ́lé. Ìbínú náà tọ́. Ṣùgbọ́n òfin tuntun, ti ọ̀la ni. Àṣẹ orílẹ̀-èdè láti ṣòfin tóbi, síwájú ló ń lọ, kì í rìn sẹ́yìn. Ìjọba tó bá lè dá ọwọ́ òfin padà mú ọ̀daràn tí a kórìíra lè dá a padà mú ọmọ tiwa pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ abala 36(8) bí wọ́n ti mọ orin orílẹ̀-èdè. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọmọ wa kọ́gbọ́n. Ẹgbẹ́ wa á máa gbèrú. Àṣẹ.